Kókó Ẹlẹ́rìí

"Má fà á, wé e ni kí o wé e. Kì í ṣe ẹran lo ń so mọ́lẹ̀."

Ọ̀gá ni ó sọ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà, tí gbogbo oníbàárà ń pè ní Jẹ́jẹ́, kò fa irun ẹnikẹ́ni rí láti ọdún mẹ́ta tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwà Ọ̀gá ni láti máa kìlọ̀ fún ẹni tí kò tí ì ṣẹ̀. Jẹ́jẹ́ dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Mà," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó fi ìrù ìyarun la irun náà ní ìlà, ó mú ìdì kékeré kan, ó wọ́n omi sí i, ó fi ìpara tí ń mú irun dúró pa á láti ìdí dé ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà ó lọ́ ọ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká fúnra rẹ̀, ó wé e yí ìdí ara rẹ̀ ká, ó sì ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ abẹ́. Kókó kan nìyẹn. Irun náà kò gùn ju ìka àárín lọ, nítorí náà àwọn kókó náà kéré, wọ́n sì pọ̀. Mọ́kàndínlógún ni gbogbo wọn.

Màmá Tíṣà ni ó ni orí náà. Ó ṣòro láti rí ẹnìkan ní àdúgbò yẹn tí kò kọ́ ìwé kíkà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àìsàn kan, pẹ̀lú oògùn líle tí wọ́n fi wò ó, kó gbogbo irun orí rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ìborí aláwọ̀ eérú kan bo orí lọ sí ibi iṣẹ́, lọ sí ọjà, lọ sí ibi gbogbo. Nísinsìnyí irun náà ti padà hù, ó sì nípọn. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, ni ilé ẹ̀kọ́ yóò ṣe ìdágbére fún un, nítorí ó ń fẹ̀yìn tì. Àwọn tí ó ti kọ́ láti ọdún márùndínlógójì yóò ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó ti pinnu pé òun kò ní í fi ìborí lọ síbẹ̀.

"Orí mi wá dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí," ó wí bí ó ti ń wo dígí.

"Ẹ ní sùúrù, Mà," ni Jẹ́jẹ́ fèsì. "Tí a bá tú u, ẹ ò ní í dá ara yín mọ̀."

"Kí n dá ara mi mọ̀ o! Àwọn tó ń bọ̀ lọ́la gbọ́dọ̀ dá mi mọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú Màmá Tíṣà yí padà. "Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́. Láti ìgbà àìsàn yẹn, awọ orí mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan gbígbóná mọ́. Ẹ lè máa sun mí kí n máa bá yín tàkúrọ̀sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iná kankan sún mọ́ ọn."

"Iná kankan ò ní í débẹ̀, Mà," ni Ọ̀gá wí. "Atẹ́gùn lásán ni yóò gbẹ ẹ́." Ó yíjú sí ọmọbìnrin tí ń gbálẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí."

"Ta ni àǹtí rẹ níbí?"

"Mo gbọ́, Ọ̀gá."

Kíákíá ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí pé kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe tí kì í sáré ṣe. Ọmọ àbúrò Ọ̀gá ni, ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì wà ní kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni ó ń gbé, nínú ilé tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Nínú ilé, Àǹtí ni Ọ̀gá ń jẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí ìbátan.

Kókó tí ó kẹ́yìn, èyí tí ó wà ní ìpàkọ́ gan-an, ni Ọ̀gá tọ́ka sí kí ó tó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pe kókó yẹn ní ṣọ́ọ̀bù náà. Irun tí a di láìlo iná gbọ́dọ̀ gbẹ dé inú. Ẹ̀yìn kókó a máa tètè gbẹ, omi a sì máa wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Bí a bá tú u ní tútù, yóò wú, yóò sì pàdánù kíká tí ó ká. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí ni a kọ́kọ́ ń tú, nítorí pé ibi tí ó wà ni ó máa ń pẹ́ jù kí ó tó gbẹ. Bí òun bá ti gbẹ, gbogbo ìyókù ti gbẹ.

"Èmi àti Jẹ́jẹ́ ń lọ ṣe irun ìyàwó tuntun yẹn àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Aago márùn-ún ni kí o tú ẹlẹ́rìí wò. Tó bá tutù, dì í padà kí o jókòó. Tó bá di aago mẹ́fà, àwa náà á ti dé. Kí lo máa ṣe tó bá tutù?"

"Màá dì í padà, màá jókòó."

"Jókòó o. Mo mọ̀ pé ó nira fún ọ."

Jẹ́jẹ́ ṣẹ́jú sí Kíákíá bí ó ti ń gbé ìdajì ẹrù náà kọ́ èjìká. Inú rẹ̀ dùn ní àwọn ọjọ́ náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Pátákó tí yóò gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ti wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí a fi ìwé ìròyìn wé, tí ó ń ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń wo ojú ọmọ tí ó sùn.

Màmá Tíṣà kò fẹ́ kí àwọn ará òpópónà rí orí òun bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ìwé àjákọ kan jáde, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀. Kíákíá fọ àwọn táwẹ̀lì, ó to àwọn ìyarun, ó nu dígí.

"Mo kọ nǹkan nípa rẹ síbí," ni Màmá Tíṣà wí láìgbé ojú sókè.

"Nípa tèmi, Mà?"

"Nípa tìẹ. Ṣé o rántí bí o ṣe máa ń kàwé ní kíláàsì mi? O máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, o sì máa ń méfò ìyókù. Mo kọ 'àgbàlagbà' sára pátákó, ìwọ ní 'àgbàdo'."

"Ebi ló ń pa mí lọ́jọ́ yẹn, Mà."

"Ebi kọ́, ìkánjú ni. Odindi ọdún kan ni mo fi mú ọ jókòó tì mí, títí o fi ń ka ọ̀rọ̀ dé òpin. Màá sọ fún wọn lọ́la pé ìwọ lo jẹ́ kí n gbà pé a lè kọ́ ọmọ ní sùúrù."

Kíákíá rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ sì yá gágá.

Ní aago méjì kọjá díẹ̀ ni ẹnìkan kan fèrèsé pà-pà-pà. Ọmọ kíláàsì Kíákíá ni, èyí tí àwọn olùkọ́ sọ ní Aláriwo, tí ó sì gba orúkọ náà bí oyè.

"Kíákíá! Ṣé wọ́n ti kàn ọ́ mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni?"

Kíákíá yára jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. "Rọra. Oníbàárà wà nínú ilé."

"Wọ́n ti fa ìdánrawò ijó wá síwájú. Aago mẹ́ta àbọ̀!"

"Aago mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n sọ fún wa."

"Ẹlòmíràn fẹ́ lo gbọ̀ngàn nírọ̀lẹ́. Tíṣà ijó ní ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, òun á fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀. Ìwọ lo wà láàárín níwájú o! O mọ àwọn tó ń wo ibẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹja."

Oṣù méjì ni Kíákíá ti fi ń kọ́ ijó náà fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Ó ti jó o lójú ìwẹ̀, ó ti jó o lẹ́bàá ààrò. "Mo ń ṣiṣẹ́," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń rọ̀.

"Iṣẹ́ wo? Kí irun ṣáà gbẹ ni iṣẹ́? Ṣé ẹnu lo máa fi fẹ́ ẹ ni? Diráyà mélòó ló wà níbẹ̀, ọmọ onídìrí?" Aláriwo yí ẹsẹ̀ ijó náà lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kíákíá wọlé, ó sì lọ sí ẹ̀yìn àga. Ó tú ẹlẹ́rìí. Ó tutù nini mọ́ ọn ní ìka, bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ó wo aago ògiri, ó sì dì í padà. Títí dé ibẹ̀, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ó ku kí ó jókòó.

Kò jókòó. Ó gbé diráyà.

"Kí nìyẹn?" ni Màmá Tíṣà béèrè.

"Atẹ́gùn tútù ni, Mà. Kó lè tètè gbẹ."

Bọ́tìnnì méjì ni ó wà lára ẹ̀rọ náà, búlúù fún tútù, pupa fún gbígbóná. Kíákíá wò wọ́n dáadáa, ó sì tẹ pupa. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: ọwọ́ rẹ̀ kò ṣèèṣì. Ó gbé ẹnu ẹ̀rọ náà sún mọ́ àwọn kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ka ìṣẹ́jú nínú. Omi tí ó wà nínú irun hó. Òórùn kan dìde, bí ìgbà tí a bá gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ tútù. Ó fi ẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè gbé òórùn náà jáde.

"Ó dà bíi pé etí mi ń gbóná díẹ̀," ni Màmá Tíṣà wí. "Ṣé tútù náà ni?"

"Tútù ni, Mà. Ẹ̀rọ yẹn ló ti gbó."

"Ó dáa, ọmọ mi." Ó sì padà sí ìwé rẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo ni ooru náà kò dé. Ìpàkọ́ Màmá Tíṣà fara ti táwẹ̀lì tí wọ́n ká sí ẹ̀yìn àga, ẹlẹ́rìí sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní tútù rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, Kíákíá tú kókó méjìdínlógún. Wọ́n ká rigidi bí òrùka, wọ́n sì le díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó tú ní tútù, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àwọn ìyókù.

Màmá Tíṣà wo dígí. Ó gbé ọwọ́ sókè, kò fi kan irun náà, bí ẹni tí ń bẹ̀rù pé yóò fò lọ. Omi lé sí ojú rẹ̀. "Èmi rèé," ó wí. "Èmi náà rèé." Ó di ọwọ́ Kíákíá méjèèjì mú. "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ wọ̀nyí. Ọmọ tí mo kọ́ ló ṣe mí lọ́ṣọ̀ọ́."

Kíákíá sọ pé, "Àmín, Mà." Nígbà tí aago mẹ́ta àbọ̀ lù, ó wà láàárín níwájú nínú gbọ̀ngàn, ó ń jó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nígbàkúùgbà tí ó bá gbé ọwọ́ kọjá lójú, ó ń gbóòórùn irun jíjó lára ìka rẹ̀.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kò tí ì lù tí Màmá Tíṣà fi dé. Ìborí aláwọ̀ eérú wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un, ó sì ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́. Màmá Tíṣà tú áńkáṣíìfù funfun kan sórí tábìlì. Àjákù irun ni ó kún inú rẹ̀, kéékèèké, gbígbẹ, tí ń dán bí ike.

"Mo jí, mo ti ìka bọ̀ ọ́ kí ó lè kún díẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi," ó wí. "Ohun tó tẹ̀lé ìka mi jáde nìyí." Ó ṣí ìborí náà ní iwájú nìkan, ojú sì tì í láti ṣí i tán. Gbogbo wọn rí i: àtàrí rẹ̀ ti rí jákujàku bí pápá tí ewúrẹ́ jẹ.

Ọ̀gá fi ìka méjì ra àjákù irun kan, ó sì rún. "Ta ló dì í?"

"Èmi ni, Mà," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ta ló tú u?"

"Èmi ni, Ọ̀gá," ni Kíákíá wí. "Mo tú u ní aago mẹ́ta. Ó ti gbẹ."

"Aago mẹ́ta! Ẹni tí mo ní kó dúró di márùn-ún!" Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n títú ṣáájú àkókò kì í já irun. Ó máa ń bà á jẹ́ ni. Nǹkan méjì ló ń já irun, iná tàbí fífà. Ṣé o gbé iná sún mọ́ ọn?"

Kí Kíákíá tó la ẹnu, Màmá Tíṣà ti fèsì fún un.

"Kò lo iná. Ó fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i, mo sì bi í léèrè. Ọmọ tí mo kọ́ ni. Kò ní í parọ́ fún mi."

"Atẹ́gùn tútù ni," ni Kíákíá wí.

Ọ̀gá yí padà sí Jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. "Mo ní kí o má fà á."

Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò rò pé mo fà á, Mà. Bóyá… bóyá mo fà á jù láìmọ̀."

"Irun ẹni tó ti àìsàn dìde! Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n kò tí ì tó ẹni tí wọ́n ń fún ní ìwé ẹ̀rí. Oṣù mẹ́fà sí i."

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀, ó sì bẹ Màmá Tíṣà. Kíákíá náà kúnlẹ̀, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ó lè ṣe pẹ̀lú orúnkún rẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ ti ń lọ, ó yí pátákó rẹ̀ kọ ojú sí ògiri.

Ní aago méjì ọ̀sán, ilé ẹ̀kọ́ náà kún. Kíákíá jókòó ti Ọ̀gá ní ẹ̀yìn pátápátá. Màmá Tíṣà dìde, ìborí eérú náà wà lórí rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú ìwé àjákọ. Nígbà tí ó dé ibì kan, ó dákẹ́, ó ṣí ewé kan kọjá láìkà á. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà lójú ewé náà. Kíákíá mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irun tí ó padà hù wà. Lẹ́yìn náà ni ó ka ti ọmọbìnrin kan tí ń méfò ọ̀rọ̀, tí ó sì wá di onísùúrù. "Ó wà láàárín yín," ó wí. "Dìde, ọmọ mi, kí wọ́n rí ọ." Kíákíá dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí níta gbangba, títí Ọ̀gá fi fa aṣọ rẹ̀ pé kí ó jókòó.

Ní kíláàsì, bí olùkọ́ bá pe orúkọ Kíákíá, ó máa ń rò pé àṣírí òun ti tú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé irun yóò tún hù, pé oṣù mẹ́fà kò pẹ́. Bí ó bá ti sọ ọ́ tán, ó máa ń rí i pé irọ́ mìíràn ni òun tún pa, àti pé òun náà ni òun ń pa á fún.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Jẹ́jẹ́ ni kò jẹ́ kí ó sinmi. Ní ọjọ́ Ajé, Jẹ́jẹ́ di irun oníbàárà kan, ó sì dẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kókó mẹ́rin fi tú kí obìnrin náà tó dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oníbàárà mìíràn ní kí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣe é. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Kíákíá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó bá Jẹ́jẹ́ níwájú orí oníke tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun. Ó ń di kókó, ó ń tú u, ó tún ń dì í. Kò sí èyí tí ó dúró.

"Wò ó," ó wí, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Ìka mi ò mọ ibi tó yẹ kó dúró mọ́. Tí mo bá fẹ́ fún un, ẹ̀rù á bà mí. Tí mo bá dẹ̀ ẹ́, á tú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. "Mo ti ní kí ẹni tó kun pátákó mi wá fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Bóyá iṣẹ́ mìíràn ni kí n wá. Ẹni tó bá orí Màmá Tíṣà jẹ́, kí ló tún fẹ́ máa fọwọ́ kan orí ènìyàn ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fà á jù."

"O ò lè mọ̀ yẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Torí pé iná ni."

Jẹ́jẹ́ rọra gbé ìyarun sílẹ̀. "Iná ti ta?"

"Tèmi. Mo tẹ pupa. Mo fẹ́ lọ jó ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹlẹ́rìí tutù, mo sì tẹ pupa."

Jẹ́jẹ́ pa orí oníke náà tì. Kò pariwo, kò sì nà án. Ohun tí ó wí níkẹyìn ni pé, "Láti ọjọ́ Àìkú? O jókòó tì mí láti ọjọ́ Àìkú, o ń wò mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n…"

"Má bẹ̀ mí. Lọ sọ fún Ọ̀gá. Sọ ọ́ tán."

Ọ̀gá wà nínú ilé, ó ń ká aṣọ. Kíákíá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, mo parọ́," ó wí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí Aláriwo dé orí táwẹ̀lì. Nígbà tí ó dákẹ́, Ọ̀gá ṣì mú aṣọ kan lọ́wọ́, kò ká a.

"Ẹlẹ́rìí wà lẹ́yìn táwẹ̀lì, o ní."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Iná ò dé ibẹ̀."

"Kò dé ibẹ̀."

"Wọ bàtà rẹ. Pe Jẹ́jẹ́."

Ilé Màmá Tíṣà kò jìnnà. Wọ́n bá a níwájú àpótí ìwé, ó ń to àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n fún un ní ọjọ́ ìdágbére. Ọ̀gá kí i, ó sì tọrọ àyè láti wo ìpàkọ́ rẹ̀. Ó ṣí ìborí náà láti ẹ̀yìn. Ìdì irun kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí kò já, tí ó gùn tó ìka àárín, tí ó rọ̀, tí ó sì ń dán. Jẹ́jẹ́ rí i, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọwọ́ kan náà ló di mọ́kàndínlógún," ni Ọ̀gá wí. "Ká ní fífà ni, èyí náà ì bá já." Ó yí padà. Kíákíá kò rí ojú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Èmi tí mo kọ́ gbogbo yín pé kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹlẹ́rìí, n kò bi í. Jẹ́jẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí."

Jẹ́jẹ́ mi orí.

"Ó kan ọ́," ni Ọ̀gá wí fún Kíákíá.

Kíákíá kúnlẹ̀ níwájú Màmá Tíṣà. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń wo ilẹ̀. "Mà, ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ yẹn…"

"Gbé ojú sókè. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ yẹn. Kí ni mo bi ọ́?"

"Ẹ ní ṣé tútù ni."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní… mo ní tútù ni."

"Kí ni òótọ́ rẹ̀? Sọ ọ́ dé òpin. O mọ̀ pé mi kì í gba ààbọ̀ ọ̀rọ̀."

"Gbígbóná ni, Mà. Mo mọ̀ pé gbígbóná ni. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n lára, torí ẹ ti sọ fún wa. Ohun tí ẹ sọ fún wa kí a lè ṣọ́ yín, òun ni mo fi tàn yín jẹ." Ẹkún gbà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n wá dá Ẹ̀gbọ́n lẹ́bi, mo dákẹ́."

Màmá Tíṣà wò ó pẹ́. "Mo dárí jì ọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n má lọ rò pé ìdáríjì máa dá nǹkan padà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ yẹn ti lọ, ìborí yìí ló sì wà nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀." Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Ìwọ, ṣé o mú ṣísọ́ọ̀sì dání? Gé e lọ sílẹ̀ kó dọ́gba. Kò sí ọwọ́ mìíràn tí mo fẹ́."

Wọ́n gbé àga sí ojú fèrèsé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Jẹ́jẹ́ ń gé e díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró wo ìka rẹ̀. Nígbà tí ó fi dé àtàrí, ṣísọ́ọ̀sì ti ń lọ geere. Kíákíá ni ó di táwẹ̀lì mú yí ọrùn Màmá Tíṣà ká. Irun náà ń já bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, fúyẹ́fúyẹ́, kò sì lè gbọn ọ́n dànù. Èyí tí ó kẹ́yìn tí ṣísọ́ọ̀sì gé ni ìdì irun tí ó wà ní ìpàkọ́.

Jẹ́jẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀, pátákó rẹ̀ sì gun iwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ láìsí ọ̀dà funfun lára rẹ̀. Ọ̀gá pàṣẹ pé Kíákíá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí oníbàárà fún odindi ọdún kan, àti pé kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni àyè àárín níwájú ṣe di ti ẹlòmíràn. Aláriwo wá kan fèrèsé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ṣé wọ́n ti fi ọ́ ṣe àga ibẹ̀ ni?" Kíákíá rẹ́rìn-ín, kò sì jáde.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Màmá Tíṣà tún wá di irun rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá dì í fún un. Kókó mẹ́tàlélógún ni ní ìgbà yìí, nítorí irun náà kò tí ì gùn tó ti àkọ́kọ́. Nígbà tí aago márùn-ún lù, Màmá Tíṣà pe ọmọbìnrin tí ń gbálẹ̀.

"Wá tú ẹlẹ́rìí wò."

Kíákíá wo Ọ̀gá. Ọ̀gá mi orí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kò tí ì pé. Kíákíá fọ ọwọ́, ó lọ sí ẹ̀yìn àga, ó sì tú kókó kékeré náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ìka kàn án.

"Ṣé ó ti gbẹ?" ni Màmá Tíṣà béèrè. "Wọ́n ń dúró dè mí nílé o."

"Kò tí ì gbẹ, Mà. Inú rẹ̀ ṣì tutù." Ó dì í padà, ó fa àpótí kékeré kan sún mọ́ àga, ó sì jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ìkánjú ni ẹ̀ṣẹ̀ Kíákíá àkọ́kọ́, òun sì ni ó kéré jù. Irun tí iná jẹ padà hù láàárín oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ márùn-ún tí ó fi dákẹ́, tí ẹlòmíràn ń ru ẹ̀bi rẹ̀, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbésí ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ọ́ dé òpin, kí ó tó di pé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọwọ́ ara rẹ̀.